Ariwo Ẹsẹ̀ Òsì Iwájú

Ọdún kan àti oṣù méjì ni Olúmidé, ọkọ Motọ́lání, ti wà nínú ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni obìnrin yìí ti ń kí Àkànní mẹkáníìkì tọ̀yàyàtọ̀yàyà ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, tó bá wá délé, á máa payín keke.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Píkọ́ọ̀pù Olúmidé ló ń pariwo nígbàkígbà tó bá yí sitiárín. Ó gbé e lọ bá Àkànní ní Airport Road, nítorí àwọn ará ẹgbẹ́ kì í wá mẹkáníìkì síta nígbà tí ọmọ ilé ẹni wà nílùú Benin. Àkànní ní òun ti pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, irin tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ iwájú yọ lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ọkọ̀ sì gbókìtì. Níwájú gbogbo ẹgbẹ́, Àkànní tọ́ ilẹ̀ lá, ó búra pé tuntun lòun fi sí i. Àwọn àgbà ní kí opó fọwọ́ wọ́nú. Kó tó ráyè béèrè, wọ́n ti ta àfọ́kù ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin. Kí ló tún fẹ́ fi hàn wọ́n?

Nígbà tó yá, Motọ́lání ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan. Ẹni tó tà á fún un kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì iwájú ń dún.

"Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn," ni obìnrin náà wí. Ọkùnrin náà rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Alámìsì, Motọ́lání wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tó fi ń kun èékánná kun bọ́ọ̀lù jọ́ìntì náà, ó sì gbé ọkọ̀ lọ sí Airport Road.

"Ìyá Dámilọ́lá! Ẹ káàbọ̀ o. Kí ló dé?" ni Àkànní wí.

"Ọkọ̀ yìí ni, Bọ̀dá Àkànní. Bí mo bá ti yí i báyìí, á máa dún bí ìgbà téèyàn ń lọ òkúta."

Àkànní wọnú ọkọ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, kò dún. Ó yí i sósì, ó ké gìrìrì. Ó fi jáàkì gbé e sókè, ó di ẹsẹ̀ òsì mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í, ó ń yẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

"Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni. Ó ti jẹ tán. Ẹ má wa ọkọ̀ yìí báyìí o, ó lè pààyàn."

Ó mọṣẹ́! Ìyẹn ló wá dun Motọ́lání jù. Ká ní aláìmọ̀kan ni, ì bá sàn.

"Ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀. Tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i."

"Háà, ṣé ẹ̀yin ni mo máa ṣe ìṣekúṣe fún? Ẹ padà wá láago mẹ́rin."

Láago mẹ́rin, ọkọ̀ náà kò dún mọ́. Àkànní fi irin àtijọ́ kan tó ti dípẹtà lé e lọ́wọ́, bí àwọn mẹkáníìkì ti máa ń ṣe, ó ní èyí tóun yọ nìyẹn. Kò sí pupa kankan lára rẹ̀. Motọ́lání ṣe bí ẹni pé yẹtí òun já bọ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sábẹ́ ọkọ̀. Gírísì ni wọ́n kì síbẹ̀ fọ́fọ́, kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́, bọ̀dá?"

"Mo fi àwọn ọmọ mi méjèèjì búra."

Ó wu Motọ́lání kó fi irin náà la ọkùnrin yìí lórí níbẹ̀. Ó gbé ìbínú náà mì.

"Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án fún yín."

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ ṣèpàdé ní Ogbe. Jùmọ̀kẹ́, ìyàwó Àkànní, sọ pé òun àti àwọn ọmọ òun fẹ́ lọ kí ìyá òun ní Ọ̀wọ̀, àwọn ò sì tíì rí ọkọ̀ wọ̀. Motọ́lání dìde.

"Èmi náà ń lọ síbẹ̀ lónìí. Ẹ wá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kí Àkànní tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, Jùmọ̀kẹ́ ti kó àwọn ọmọ wọnú píkọ́ọ̀pù. Àkànní sáré bá wọn níta.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì," ló ń wí, òógùn bò ó.

"Kí ló dé? Ṣé ọkọ̀ mi ò dáa ni?"

"Ó dáa. Ó dáa."

"Ẹ pààrọ̀ irin yẹn, àbí ẹ ò pààrọ̀ ẹ̀?"

"Mo pààrọ̀ ẹ̀."

"Ó dàbọ̀ nígbà náà." Motọ́lání ṣáná sí ọkọ̀, ó yí sitiárín sí ojú títì. Ọmọ kékeré juwọ́ sí bàbá rẹ̀.

Àkànní fò síwájú ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dákun! N ò pààrọ̀ ẹ̀! Gírísì ni mo kì sí i kó lè dákẹ́!"

Motọ́lání paná ọkọ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti tú síta, Alága ló ṣáájú wọn.

"Ti Olúmidé ńkọ́?" ni obìnrin náà béèrè.

Àkànní wo àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Gírísì náà ni, Ìyá Dámilọ́lá. N ò pààrọ̀ tiẹ̀ náà."

Alága tó ní kí opó fọwọ́ wọ́nú kò lè gbójú sókè. Jùmọ̀kẹ́ sọ àwọn ọmọ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wo ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Ẹnì kan ti ń pe ọlọ́pàá lórí fóònù.

Nínú gbogbo wọn, Motọ́lání nìkan ló mọ̀ pé láàárọ̀ Sátidé, ní New Benin, mẹkáníìkì mìíràn ti pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì náà sí tuntun, àti pé ká ní Àkànní panu mọ́ ni, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ì bá dé Ọ̀wọ̀ láìfarapa, Àkànní náà ì bá sì mú irọ́ rẹ̀ jẹ gbé.