Ta Ló Kú fún Bádéjọ?

Bádéjọ, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa n'Ìkòròdú, wọ awò dúdú jókòó nínú yàrá, bíi ti inú fíìmù.

Gbogbo Fesibúùkù ló ń pariwo Gift, ọmọbìnrin tó sọnù l'Ágric. Bádéjọ ti ṣèlérí lórí fídíò pé òun máa mú un wálé láàyè.

Wọ́n mú Oyèdèjì wọlé, ẹni tí wọ́n ká fóònù Gift mọ́ lọ́wọ́.

Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ kú aráfẹ́rakù."

Sájẹ́ǹtì Mardiyah bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló kú fún wọn?"

"Níbo ni Gift wà?" Bádéjọ jágbe.

"Ọlọ́run á tù yín nínú, sà."

Ara Bádéjọ ò lélẹ̀ mọ́. Ó sáré jáde, ó pe ìyàwó rẹ̀. Àlàáfíà ni. Ó pe ìyá rẹ̀ l'Ẹ̀pẹ́. Màmá ń jẹ̀bà, wọ́n tún ń bínú pé kì í pè.

Ó padà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Òpùrọ́! Kò sẹ́ni tó kú fún mi."

Oyèdèjì sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sí i létí, kí Mardiyah má baà gbọ́.

"Gift ní ẹ máa fẹ́ òun, pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Orúkọ yín ló ń pè títí tó fi dákẹ́."

Bádéjọ dúpẹ́ pé òun wọ awò dúdú.

"Ọ̀gá, kí ló wí?" Mardiyah béèrè.

"Kò wí nǹkan kan."

Nínú gbogbo Ìkòròdú, Oyèdèjì nìkan ló lè kí i kú ọ̀fọ̀ yìí. Ó sì ń wò ó, ó ń dúró de ìdáhùn.

"O ṣé," ni Bádéjọ wí.