Ìbò Kẹsàn-án

Láti ìgbà tí Dwight Stuckey ti di kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, fún àwọn ọmọ fásitì Tolliver, kò sí ẹni nílùú náà tí kò mọ ohun tó ń ṣe é. Líìgì wọn pín sí méjì, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ipò kìíní níhìn-ín ló ń bá èyí tó ṣe ipò kìíní lọ́hùn-ún du ife. Àmọ́ Ìlà-Oòrùn ni gbogbo akọni kó jọ sí, ibẹ̀ ni Tolliver wà, ibẹ̀ náà sì ni Ossawee wà, tí ẹnikẹ́ni kì í rí gbé ṣe. Lọ́dọọdún, Tolliver á ṣe ipò kejì. Wọ́n á jókòó sílé, wọ́n á máa wo Ossawee lórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń fi ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn nulẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀bi kóòṣì," làwọn èèyàn máa ń wí nílé oúnjẹ Maybelle. "Ibi tí wọ́n so wá mọ́ ni ò dáa."

Wọn kò bínú sí i rí. Wọ́n á tún gbà á síṣẹ́, wọ́n á sì fi kún owó rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ fẹ́ yí padà. Àwọn olórí fásitì méjèèjìlá fẹ́ pàdé ní Nashville láti dìbò. Bí mẹ́sàn-án bá gbà, wọn yóò wó ìpín méjèèjì, ẹgbẹ́ méjì tó bá dára jù lọ ni yóò sì máa pàdé lópin. Gbogbo èèyàn ti ka mẹ́fà Ìlà-Oòrùn mọ́ra. Méjì ní Ìwọ̀-Oòrùn ti gbà. Ó ku ẹyọ kan, ojú gbogbo wọn sì wà lára Pruitt, fásitì tó máa ń ṣe ipò kìíní ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí Emmett Radke jẹ́ kóòṣì fún.

"Kóòṣì, ọ̀rẹ́ yín ṣá ni," ni Tavoris Gaines wí níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Òun ni òmìrán tó ń dúró síwájú ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ọdún yìí ló sì máa gbá a kẹ́yìn. "Ẹ máa lọ bá wọn sọ̀rọ̀, àbí?"

Gbogbo ọmọ náà ń wò ó.

"Màá lọ," ni Stuckey wí.

Ó bá Radke ní ìloro ilé rẹ̀. Wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe ni.

"Wọ́n rán ẹ wá bẹ̀ mí, àbí?" Radke rẹ́rìn-ín. "Jókòó jàre." Ó ké sí ìyàwó rẹ̀ nínú ilé: "Opal, bá wa gbé tíì tútù wá!"

"Emmett, bí wọ́n bá wó ìpín yìí, o lè má dé ìdíje ìparí mọ́ láyé ẹ."

"Ìparí wo? Ìparí tí wọ́n ti ń pa wá bí adìẹ? Lọ́dún tó kọjá, egungun èjìká ọmọ kan ṣẹ́ níbẹ̀. Ìyá ẹ̀ bi mí pé, 'Kóòṣì, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ò lè borí?'"

"Ronú sí i dáadáa."

"Mo ti rò ó tán. Àbí èwo lo wá bẹ̀ mí fún gan-an?" Radke gbá a léjìká. "Ọ̀gá wa á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo búra fún ẹ. Lọ mú Ossawee lójú gbogbo ayé. Kò ní sí àwáwí mọ́."

Stuckey kò fẹnu kan tíì náà.

Nígbà tó ń padà, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yà kí Dókítà Lenore Whitcombe, olórí fásitì Tolliver, pé kí ó lọ ire, kí ó bọ̀ ire. Obìnrin yìí ló fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ kò fẹ́ gbà á síṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìbò, gbogbo ẹgbẹ́ péjọ sí gbọ̀ngàn. Kò sẹ́ni tó jókòó. Tavoris di ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú. Ni ohùn bá jáde lórí tẹlifíṣọ̀n: mẹ́jọ gbà, mẹ́rin kọ̀. Ìdìbò ìkọ̀kọ̀ ni, wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Radke ni!" ni ẹnì kan kígbe. "Òpùrọ́ ni bàbá yẹn!"

Tavoris fìdí kalẹ̀, ó fi fìlà bo ojú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ju ẹyin lu ilé Radke. Ó pe Stuckey lórí fóònù.

"Dwight, bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Opal ò lè jáde. Ìwọ lo mọ̀ pé mo búra."

"Mi ò sí níbi tí wọ́n ti dìbò, Emmett."

"O gbà pé mo parọ́ fún ẹ?"

Radke gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé oúnjẹ Maybelle dìde kí Stuckey. "Pẹ̀lẹ́, Kóòṣì. Wọ́n tún ti rẹ́ wa jẹ." Tavoris wá bá a ní ọ́fíìsì, ó dì mọ́ ọn, ó sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ ṣe é dé ibi tí agbára yín mọ, sà. A ò ní gbàgbé."

Bó ṣe ń jáde ni Dókítà Whitcombe ń wọlé.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Mo di ìbò tí o kúnlẹ̀ bẹ̀ mí kí n tó lọ sí Nashville pé kí n dì, Dwight, mo dìbò pé rárá, ìlú ò sì ní rí i láé pé ìwọ ni Ossawee ń nà, kì í ṣe ìpín ló ń dí ẹ lọ́wọ́, àmọ́ ọmọ tó ń sunkún jáde yẹn, èmi ò lè wo ojú ẹ̀."