Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Nafeesah Rà

Nígbà tí Nafeesah wọ ṣọ́ọ̀bù Oyèlékè ní Ìsọlọ̀, ó ti mọ ohun tó fẹ́ rà: irin àti ọwọ́ fún kọ́bọ́ọ̀dù gíga, tóóró, tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí. Irú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kì í ṣí bí ilẹ̀kùn. Odidi rẹ̀ ni à ń fà jáde bí dúrọ́ọ̀, gààrí lókè, ẹ̀wà láàárín, òróró nísàlẹ̀, kí ènìyàn lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irin tó ń yọ̀ lé wà lábẹ́ rẹ̀. Bí irin yẹn bá dára, ọmọ kékeré lè fa àpò ìrẹsì jáde.

Ó fa irin àkọ́kọ́.

“Èyí ń pariwo.”

Ó fa òmíràn. Èyí yọ̀ wá síwájú láìdún. Nafeesah tì í padà, irin náà kọjá ààyè rẹ̀, ó sì yọ jáde lẹ́yìn àpótí tí Oyèlékè fi ń pàtẹ.

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, mà,” ni Oyèlékè wí. “Kò ní ìdádúró lẹ́yìn. Bí ẹ bá tì í lágbára jù, á lọ gbá ògiri yín.”

“Ògiri yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó gbá. Dì í fún mi.”

Oyèlékè rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa ògiri náà ní Mafolúkù tí ilé wọn wà.

Alhaji Sùlè ló kú, tó fi ìyàwó méjì sílẹ̀: Nafeesah ìyáálé, àti Memunat. Kò pẹ́ tí Sirajudeen, àbúrò olóògbé, fi ní òun fẹ́ ta ilé. Àgbà ìdílé wọn, Bàbá Ọláfimíhàn, wá láti Ìsẹ́yìn síbi àdúrà ogójì, ó sì là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo wọn: níwọ̀n ìgbà tí àwọn opó méjèèjì bá ń bu oúnjẹ nínú àká kan, ilé kan ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á. Ọjọ́ tí àká bá di méjì, ilé ti pín nìyẹn, kí Sirajudeen ṣe é bó ṣe fẹ́.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Sirajudeen ti já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Ó mọ ògiri sí àárín ilé ìdáná, ó ní kí orogún má baà máa jà ni. Ó tún ní ẹni tó bá la ilẹ̀kùn sí ògiri náà, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn aládùúgbò ti ń gbọ́ èébú lápá méjèèjì.

“Ìyàwó yín náà wá síbí lánàá,” ni Oyèlékè wí bó ṣe ń di irin. “Ọwọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kan ló rà. Aláwọ̀ wúrà báyìí.”

Nafeesah mú ọ̀kan nínú ọwọ́ aláwọ̀ wúrà tó wà lórí àtẹ, ó wò ó.

“Fún mi ní irú rẹ̀ gan-an.”

“Ẹ̀yin orogún! Ohun tí èkíní bá rà, èkejì á rà. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ilé orogún rèé o.”

“Mi ò fẹ́ kọ́kọ́rọ́.”

“Mo kàn ń sọ ni, mà. Wọ́n ní Alhaji Siraju ti ń mú àwọn tó fẹ́ rà á wá wo ilé.”

“Ṣé ẹni tó ń kó lọ ló ń kan kọ́bọ́ọ̀dù? Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ fún wọn pé Nafeesah ò lọ síbì kankan.”

Ọjọ́ tí káfíńtà wá, èébú ọjọ́ náà kò láfiwé. Nafeesah ń pe Memunat ní olójúkòkòrò, Memunat ń pe Nafeesah ní arúgbó tí kò mọ àsìkò. Ariwo wọn le débi pé kò sí ẹni tó gbọ́ ìró òòlù.

Sirajudeen gbọ́ nípa kọ́bọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ dùn. Ó lọ gbé Bàbá Ọláfimíhàn wá láti Ìsẹ́yìn. Apá Memunat ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀. Sirajudeen ti ra dàbínù fún Memunat nìkan, kí ọkàn rẹ̀ lè rọ̀ sí ọ̀rọ̀ títa ilé. Fúnra rẹ̀ ló fa kọ́bọ́ọ̀dù Memunat jáde, tó gbé dàbínù náà sí i.

“Bàbá, ẹ fojú yín rí i. Àká kan rèé.”

Wọ́n gba ojúde yí ká. Bàbá ń fi ọ̀pá rìn jẹ́jẹ́. Nafeesah kúnlẹ̀ fún un, ó gbé àga sílẹ̀ fún un lẹ́bàá ògiri.

“Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀,” ló sọ fún Sirajudeen.

“Ìyá Fàthíà, a wá kí kọ́bọ́ọ̀dù ni.” Ó fà á jáde. “Gààrí lókè, ẹ̀wà láàárín! Ọwọ́ aláwọ̀ wúrà! Ẹ mà ń wo ara yín ṣe o.”

Nafeesah bu dàbínù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi fún Bàbá. Sirajudeen wò ó.

“Ẹ̀yin náà ra dàbínù?”

“Ṣebí wọ́n ní ohun tí èkíní bá ní, èkejì á ní.”

Sirajudeen rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Bàbá.

“Àká ti di méjì, Bàbá. Ẹ sọ ọ́ báyìí.”

Bàbá tu kóró dàbínù sọ́wọ́. “Siraju, ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣí méjèèjì.”

Bàbá nawọ́ láti tún mú dàbínù kan sí i, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù náà rọra yọ̀ kúrò níwájú rẹ̀, ó wọ inú ògiri lọ pẹ̀lú gààrí, ẹ̀wà àti òróró, ohùn Memunat sì dún láti apá kejì: “Ìyáálé mi, ẹ má bínú, iyọ̀ ni mo fẹ́ bù.”