Ìṣirò Afẹ́fẹ́ Tí Kíákíá Fi Ipá Parí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ń kánjú!

1. Ẹnjiníà kan wà tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, torí iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀ ní kó fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí fáànù tuntun yóò ṣe máa fa èéfín ọ̀dà jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ni pẹ́ńtà ibẹ̀!

"Àbúrò mi ló ń ṣe é o!" Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń yangàn káàkiri.

2. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tún ìṣirò náà ṣe ló yẹ kí àṣìṣe inú rẹ̀ máa dín kù, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Rárá o! Ìlà tó ń fi àṣìṣe náà hàn lójú kọ̀ǹpútà ń fò sókè, ó ń já wálẹ̀, bí ẹni tí èèrà ń jẹ lẹ́sẹ̀.

Obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹjú wò ó. "Ẹ gé àwòrán páìpù tí èéfín máa gbà jáde yìí kúrú jù lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ ń jáde, ó tún ń padà wọlé. Ibi tó sì ti ṣẹ́ kọ́nà, ẹ ò pín in wẹ́wẹ́ tó kí kọ̀ǹpútà lè ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀! Ọ̀la ni mo ṣèlérí!"

3. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe! Ó wọ ibi tí wọ́n ti ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí àṣìṣe ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó, ó yí i kó lè gba àṣìṣe ńlá. Lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà: "Ìṣirò ti parí." Kíákíá pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀!

4. Wọ́n gbé fáànù náà sí ibi tó ní kí wọ́n gbé e sí. Kò pé oṣù méjì tí ẹ̀gbọ́n fi ṣubú lulẹ̀ gbì lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọsibítù, ó rọra sọ̀rọ̀. "Àbúrò, èéfín yẹn ò jáde. Ojú mi ló ń padà sí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, èmi ni mo fà á." Ó bú sẹ́kún.

5. Ó sáré padà sí ọ́fíìsì. Òun àti obìnrin yẹn fa ẹnu páìpù gùn nínú àwòrán, wọ́n pín kọ́nà rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀! Ó ń wálẹ̀! Ó sì dúró jẹ́ẹ́. Àwòrán wá fi hàn kedere: igun tí ẹ̀gbọ́n máa ń dúró sí gan-an ni èéfín ń yí po sí.

Wọ́n tún fáànù ṣe. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbọ́n ò ṣeé tún ṣe. Títí dòní, ó ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ fetí sílẹ̀: bí ìṣirò bá kọ̀ tí kò fìdí kalẹ̀, ó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni. Ẹ wá ìdí rẹ̀, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹnì kan ń bẹ tó máa mí afẹ́fẹ́ yẹn sínú.