Orúkọ Tó Wà Lórí Orin Mùnírátù

Ẹ bá mi wo Àlájà Mùnírátù ní Àpòmù, bó ṣe ń ṣọ́ Qaosarat ọmọ ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ nídìí iṣu.

Lọ́la ni ilé rédíò fẹ́ gba orin wákà rẹ̀ mẹ́wàá, orin ìgbà èwe.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò. Qaosarat á tẹ "mv", á tẹ orúkọ méjì tẹ̀ lé e, orin kan á sì kúrò nínú fódà Mùnírátù, á bọ́ sí òmíràn.

Àlájà ò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ orúkọ ara rẹ̀ tó bá rí i. Orúkọ ọ̀hún ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Qaosarat, ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Màmá."

"Àbí àwọn ọmọ Sìfáwù tá a jọ ń kọ wákà nígbà èwe ti fi dòdò Ìkirè tì ọ́ lẹ́nu?"

"Màmá, mo gbọ́ àwọn orin yìí dé ìparí ni."

Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ìparí orin kan sì dún jáde.

Olórin ayé ìgbà yẹn kì í sì í parí orin láìdárúkọ ara rẹ̀.

"Èmi Sìfáwù ọmọ Ìkirè ló ń kọrin o."

Ohùn Mùnírátù wá gbè é lẹ́yìn, ó dùn bí oyin: "Sìfáwù ni o, Sìfáwù ni."