Igi Ahùn Tó Pe Mofẹ́wà

Mofẹ́wà ò tíì jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ tán tí igi ahùn kan fi pè é lórí fóònù. Igi kì í pe ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba bíi tirẹ̀ lásán. Ẹnìkan ti fi ọ̀bẹ kàn án nìyẹn. Mofẹ́wà fo gun ọ̀kadà, ó di inú igbó.

Ta ló bá nídìí igi? Àjàdí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tó di èèpo igi mọ́yà.

"Ìfẹ́ mi, àgbo ibà Màmá rẹ ni mo fẹ́ fi sè. Ṣebí àna rere ni mí?"

"Àna rere kì í bọ́ igi sí ìhòòhò."

"Jọ̀ọ́, pa ìpè yẹn rẹ́. Ọ̀la ni mò ń lọ síbi iṣẹ́ tuntun ní Sókótó."

Mofẹ́wà fẹ́ràn ọkùnrin yìí dénú egungun, ṣùgbọ́n kò pa ìpè igi rẹ́ rí. Ó tẹ orúkọ Àjàdí ránṣẹ́ sí àjọ tó ń ṣọ́ igbó. Kíá ni ìdájọ́ dé sórí fóònù Àjàdí, ó sì kà á sókè:

"Ẹni tó dá igi lọ́gbẹ́ yóò máa tọ́jú rẹ̀ láràárọ̀. Kò gbọdọ̀ kúrò nílùú títí èèpo tuntun yóò fi bo ojú ọgbẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Sókótó ti lọ nìyẹn. Ó máa tó ìgbà wo?"

"Ọdún méjì, bí o bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa." Mofẹ́wà gbé korobá omi lé e lọ́wọ́. "Láràárọ̀ lèmi náà ń gba ibí kọjá."

Ẹ̀rín sọ lẹ́nu Àjàdí. "Tí mo bá wá ń fi ìmẹ́lẹ́ tọ́jú rẹ̀ ńkọ́?"

"Dán an wò. Igi á pè mí."