Ojú Ti Rí I, Ọpọlọ Ti Mọ̀ Ọ́n

Àbùkù kan ṣoṣo ni Ojú Àwòdì ní: kì í wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ní ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n ti ń tẹ ìwé pélébé tí à ń lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn, òun ni ọ̀gá àwọn tí ń wá àṣìṣe. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòótọ́. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó tún nǹkan wò, inú a bí i.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́bìnrin olùwádìí kan wá láti yunifásítì. Ó fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ àti ojú ẹni tí ń wá àṣìṣe. Ó dé fìlà oníwáyà sí Ojú Àwòdì lórí, ó sì gbé kámẹ́rà kékeré kalẹ̀ láti máa ṣọ́ ibi tí ẹyinjú rẹ̀ ń lọ.

"Ọmọ mi, ṣé o ò ní fi iná yan orí mi báyìí?"

"Rárá, Bàbá. Fìlà yìí kàn ń gbọ́ ni, kì í sọ̀rọ̀."

Àwọn ìwé ń kọjá lójú kọ̀ǹpútà. Níbi tí ó bá ti rí àṣìṣe, kí ó tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí wọ́n parí, olùwádìí fi ìlà wíwọ́ kan tí fìlà náà yà sójú kọ̀ǹpútà hàn án.

"Bàbá, ẹ wo ibí yìí. Ojú yín dúró lórí àṣìṣe náà, ọpọlọ yín sì ta kìjí. Síbẹ̀, ẹ ò tẹ bọ́tìnnì. Ara yín ti mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ò dúró gbọ́."

Ojú Àwòdì rẹ́rìn-ín. "Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Máa gbé fìlà rẹ lọ."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìwé oògùn ikọ́ kan dé orí tábìlì rẹ̀. Oògùn àgbàlagbà ni. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni, "Ẹ má fún ọmọdé mu." Lẹ́tà kan ló lé sí i: "Ẹ máa fún ọmọdé mu." Bí ojú rẹ̀ ṣe débẹ̀, nǹkan kan ta á láyà. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé ó dúró díẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé kí n bá yín wò ó?"

"Ojú ti fọ́ mi ni?" Ó buwọ́ lù ú.

Ohun tó bá ojú ló bá imú. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni ó ra oògùn náà fún ọmọ rẹ̀ kékeré tí ń wúkọ́. Ọmọ mu ún, ó sùn, wọ́n jí i títí, kò jí. Ọsibítù ni Ojú Àwòdì ti bá wọn.

"Bàbá, mo kà á," ni ọmọbìnrin rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí tí mi ò fi bi ẹnikẹ́ni nìyẹn."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n Ojú Àwòdì kò lè gbé ojú rẹ̀ sókè.

Ọmọ náà yè. Wọ́n kó àwọn ìgò tó kù kúrò lórí àtẹ, wọ́n sì gba tábìlì lọ́wọ́ Ojú Àwòdì, wọ́n fi í sí ìdí páálí dídì. Èyí kò dùn ún tó ti ilé. Títí di òní, bí ọmọ náà bá ń wúkọ́, aládùúgbò ni ìyá rẹ̀ ń pè kó wá bá òun ka ara ìgò, bí Bàbá tilẹ̀ jókòó sí yàrá kan náà.

Ìtàn yìí kò ní kí á gan ẹni tó ṣe àṣìṣe, nítorí kò sí ojú tí kì í tàsé. Ohun tó kọ́ wa ni pé bí ọkàn bá ta wá lólobó, kí á má ṣe gbéraga sí i. Kí á dúró, kí á tún un wò, kí á sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa wò ó. Ìfura loògùn àgbà; ẹni tó bá kọ̀ láti lò ó, ọmọdé lè bá a jìyà rẹ̀.